Ìpáàrà Lára Ọkọ̀ Ilé: Èyí Tó Ń Ba Ọ̀dà Jẹ́ àti Èyí Tó Lè Gba Ẹ̀mí

Ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì la fẹ́ mú jáde kúrò nínú kíláàsì lọ́tẹ̀ yìí, ká gbé e lọ sábẹ́ ọkọ̀ tó wà níwájú ilé wa.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbé ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká: Mọ́níyà àti Ìjàyè ní Akínyẹlé, Lálúpọn àti Ìyànà-Ọ̀fà ní Lágelú, Ẹ̀rúnmu ní Ẹgbẹ́dá, Akànràn ní Ọ̀nà-Àrà. Bí ilé kan bá ní ọkọ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ náà kì í sábà jẹ́ tuntun. Micra ni, tàbí Corolla àtijọ́, tàbí Peugeot 504 tí bàbá àgbà ti ń wà kí wọ́n tó bí wa, tàbí píkọ́ọ̀pù tó ń kó pákí lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ gààrí. Ọkọ̀ kan náà ló ń gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Òun náà ló ń gbé aláboyún lọ sí ọsibítù lóru. Bí irin rẹ̀ bá ti ń jẹrà, ọ̀rọ̀ gbogbo ilé ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wà á nìkan.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹwà ọkọ̀ nìkan ni ìpáàrà ń bà jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpáàrà kan wà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dà, òmíràn wà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ẹni tó bá ka ẹ̀kọ́ yìí tán, a fẹ́ kó lè mọ̀yàtọ̀ méjèèjì.

KÍ NI ÌPÁÀRÀ?

Irin kì í ṣàdédé dógùn-ún. Ohun méjì ló gbọ́dọ̀ bá a pàdé lẹ́ẹ̀kan náà: omi, àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́. Bí ọ̀kan ò bá sí, irin ò ní dípáàrà. Bí a ṣe ń kọ ọ́ nínú kíláàsì rèé:

4Fe + 3O₂ + 2xH₂O → 2Fe₂O₃·xH₂O

Òkúta tí wọ́n ti ń yọ irin, oxide irin náà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn baba wa tó ń yọ́ irin nílẹ̀ Yorùbá kí irin òyìnbó tó dé, èédú àti iná líle ni wọ́n fi ń gba ọ́síjìn kúrò lára òkúta yẹn kí irin tó jáde. Nítorí náà, irin tó ń dípáàrà, ibi tó ti wá ló ń padà sí. A ò lè ní kó má lọ rárá, ṣùgbọ́n a lè fa ìrìn rẹ̀ sẹ́yìn fún ọdún púpọ̀.

Ìwà méjì ló mú kí ìpáàrà burú. Èkíní, ó ń gba àyè tó ìlọ́po méjì irin tó ti wá, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń wú lábẹ́ ọ̀dà, tí ọ̀dà á máa yọ róro bí ara tí iná jó. Èkejì, kì í lẹ̀ mọ́ irin. Ó ń ṣí kúrò ní ìpele-ìpele, irin tuntun á yọjú, omi á tún bá ìyẹn náà. Àlùmíníọ̀mù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oxide tirẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́ bí awọ, ó sì ń dáàbò bo ohun tó wà nísàlẹ̀. Irin ò ní irú awọ bẹ́ẹ̀, àfi èyí tí a bá fún un.

Síńkì jẹ́ ọ̀kan nínú awọ tí a lè fún un. Ẹni tó bá gun Òkè Màpó tó wo ìsàlẹ̀ á rí òrùlé Ìbàdàn tó ti pọ́n bí àmọ̀. Irin ni páànù yẹn, síńkì ni wọ́n fi bò ó. Síńkì ló ń kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ rúbọ: òun ni omi àti afẹ́fẹ́ ń jẹ dípò irin. Ọjọ́ tí síńkì bá tán ni páànù bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayé òde òní ní síńkì lára irin wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ àtijọ́, ọ̀dà nìkan ló dá wọn lójú.

Ẹ DÁN AN WÒ FÚNRA YÍN

Ẹ wá ìgò kékeré mẹ́ta àti ìṣó tuntun mẹ́ta. Ẹ fi ìṣó kìíní sínú omi díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè dé ibẹ̀. Ẹ fi ìkejì sínú omi tí ẹ ti sè dáadáa kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, kí ẹ sì da òróró lé e lórí. Ẹ fi ìkẹta sínú ìgò gbígbẹ tó ní calcium chloride nísàlẹ̀, kí ẹ dé e pa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìṣó kìíní ni yóò dógùn-ún. Bí ẹ bá fi ìkẹrin kún un, tí ẹ bu iyọ̀ sínú omi tirẹ̀, ẹ óò rí i pé òun á yára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Iyọ̀ ń mú kí iná mànàmáná tín-ín-rín tó wà nínú iṣẹ́ yìí rìn geere nínú omi. Ẹ má gbàgbé ìṣó kẹrin yẹn o. A máa tó padà sí i.

KÍ LÓ Ń JẸ ỌKỌ̀ TIWA?

Àkọ́kọ́ ni iyọ̀ ìlú òyìnbó. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, bí yìnyín bá bo títì, iyọ̀ ni wọ́n ń da sí i kó lè yọ́. Iyọ̀ yẹn ń ta sí abẹ́ ọkọ̀. Kí ọkọ̀ náà tó wọkọ̀ ojú omi wá sọ́dọ̀ wa, ó ti ṣe ọdún mélòó kan bí ìṣó kẹrin. Ní ọdún 2016, Toyota gbà láti yanjú ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà tí iye rẹ̀ lè tó bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lé ní irínwó mílíọ̀nù, nítorí ṣáàsì Tacoma, Tundra àti Sequoia kan tó ń jẹrà ṣáájú àkókò. Ilé iṣẹ́ ńlá ni Toyota, ọkọ̀ wọn sì lágbára, síbẹ̀ ìpáàrà ò wojú ẹnikẹ́ni.

Ìkejì ni ẹrẹ̀ pupa wa. Ojú ọ̀nà oko wa kì í ṣe títì ọ̀dà. Lásìkò òjò, ẹrẹ̀ á lẹ̀ mọ́ inú ihò táyà àti orí ṣáàsì. Ìta á gbẹ, ṣùgbọ́n inú ẹrẹ̀ á ṣì tutù fún ọjọ́ púpọ̀. Bí aṣọ tútù tí wọ́n wé mọ́ irin ló rí.

Ìkẹta ni ẹrù wa. Omi tó ń kán lára pákí tí wọ́n ti rin kan, bí ọsàn wẹ́wẹ́ ni, ásíìdì wà nínú rẹ̀, ó sì ń jẹ irin. Ajílẹ̀ inú àpò bíi NPK, iyọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ìgbẹ́ adìẹ láti ọgbà adìẹ náà ní ammonia. Ẹrù tó ń bọ́ wa ni gbogbo wọn, a ò ní torí ìyẹn má kó wọn mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá kó wọn tán tí a ò fọ ọkọ̀, àwa la fi oúnjẹ sílẹ̀ fún ìpáàrà.

Ìkẹrin ni ihò tó dí. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ dá ihò kéékèèké sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti sí irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ kí omi lè máa ṣàn jáde. Iyanrìn àti ewé ń dí i pa, omi á dúró sínú. Nítorí ìyẹn, inú ni irin ti ń jẹrà wá síta. Ìgbà tí ojú bá fi rí i, ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

IBI MÁRÙN-ÚN TÍ ÌPÁÀRÀ TI Ń PANI

1. Páìpù bíréèkì. Páìpù irin tín-ín-rín ló ń gbé omi bíréèkì lọ sẹ́yìn. Bó bá ti jẹrà, ó lè máa ṣiṣẹ́ lọ ní ìrọ̀rùn, torí pé ẹsẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ là ń fi tẹ bíréèkì lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí ewúrẹ́ bá já lu títì, tí awakọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá, ni agbára inú páìpù máa ń ga jù. Ọjọ́ yẹn náà ló máa ń bẹ́.

2. Ṣáàsì àti egungun ọkọ̀. Píkọ́ọ̀pù bíi Hilux ní ṣáàsì tó dá dúró lábẹ́. Micra àti Corolla ò ní irú rẹ̀. Ilẹ̀ ọkọ̀ àti irin abẹ́ ilẹ̀kùn gan-an ni egungun wọn. Ẹni tó bá sọ pé ilẹ̀ Micra tó lu kò ṣe nǹkan kan, bí ẹni tó sọ pé eegun ẹ̀yìn tó dá kò ṣe nǹkan kan ni.

3. Ibi tí wọ́n so nǹkan mọ́: ibi tí ṣọ́ọ̀kì, sípíríǹgì, ọwọ́ ìdarí, ìjókòó àti bẹ́líìtì ti di ara ọkọ̀ mú. Bẹ́líìtì tuntun tí wọ́n so mọ́ irin jíjẹrà, ọ̀ṣọ́ lásán ni.

4. Táńkì epo àti páìpù rẹ̀. Epo tó ń jò, iná ló ń wá.

5. Sàlẹ́ńsà tó lu pẹ̀lú ilẹ̀ ọkọ̀ tó lu. Èéfín ẹ́ńjìnnì ní carbon monoxide nínú. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, ó sì ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Bí àwọn ọmọ tó jókòó sẹ́yìn bá ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, tí orí ń fọ́ wọn, tí èébì ń gbé wọn, ẹ má kàn sọ pé ìrìn-àjò ló rẹ̀ wọ́n. Ẹ dá ọkọ̀ dúró, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí gbogbo èèyàn bọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá bọ̀ sípò kíákíá, ọsibítù ló kàn.

BÍ A ṢE Ń YẸ Ọ́ WÒ

Kí a tó sọ ohun mìíràn: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Jáàkì lè yọ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi òkúta di táyà, ẹ fi irin ìdúró tó lágbára sábẹ́ rẹ̀. Ó sàn jù kí mẹkáníìkì tó ní kòtò ṣe é. Iṣẹ́ tiwa akẹ́kọ̀ọ́ ni ká di tọ́ọ̀ṣì mú, ká kọ ohun tí a rí sílẹ̀.

Ẹ fọ abẹ́ ọkọ̀ kí ẹrẹ̀ kúrò, torí ẹrẹ̀ ń bo àṣírí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi orí òòlù kékeré kan irin náà. Irin tó le á dún gbìn-ìn, èyí tó jẹrà á dún bí páálí. Ẹ fi ẹnu sikurudíréfà tẹ ibi tó bá pọ́n. Bó bá wọlé, ihò ni, kódà bí ojú ò tíì rí i.

Ẹ lo òòfà pẹ̀lú, irú èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́. Ẹ fi aṣọ pẹlẹbẹ wé e kó má ha ọ̀dà. Òòfà máa ń fa irin, kì í fa bọ́dì fílà. Ibi tí òòfà bá ti já bọ́ lára irin ọkọ̀ tó yẹ kó fà á, ẹnì kan ti fi fílà bo nǹkan mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra Tòkunbọ̀ mú òòfà dání ṣáájú owó.

Fún bíréèkì, kí awakọ̀ tan ẹ́ńjìnnì lójú kan, kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Bó bá ń rì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, nǹkan kan ń jò tàbí ó ti bàjẹ́ nínú. Kí ọkọ̀ náà má jáde.

Ní England, ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ máa ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní MOT lọ́dọọdún. Òfin kan wà níbẹ̀ tí a lè yá lò: bí irin bá jẹrà gan-an láàárín 30 sẹ̀ǹtímítà sí ibi tí wọ́n so bíréèkì, ìdarí, ṣọ́ọ̀kì tàbí bẹ́líìtì mọ́, ọkọ̀ náà já. Rúlà gígùn tí a ń lò ní kíláàsì, 30 sẹ̀ǹtímítà gan-an ni. Ẹ gbé e lé ibẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pátákó sàmì sí i. Ibi tó bá bọ́ sínú àmì yẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Níbí, VIO ló ń yẹ ọkọ̀ wò fún ìwé pé ó yẹ ní títì, àwọn Road Safety tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988 sì ń ṣọ́ ojú pópó. Ṣùgbọ́n ìwé kì í gbé ọkọ̀ dúró. Bíréèkì ló ń gbé e dúró.

ÀTÚNṢE TÒÓTỌ́ ÀTI ÀBÒMỌ́LẸ̀

Bí ìpáàrà bá wà lójú irin nìkan, iṣẹ́ rọrùn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà ha á títí irin á fi dán. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ kun ọ̀dà red oxide lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ tó kun ọ̀dà tó bá ọkọ̀ mu. Ẹni tó bá kun ọ̀dà lé ìpáàrà lórí, ó kàn bu aṣọ lé egbò ni.

Bó bá ti di ihò, panẹ́bítà àti wẹ́dà ló kàn. Kí wọ́n gé irin jíjẹrà kúrò títí wọ́n á fi dé ibi tí irin le, kí wọ́n jó irin tuntun tó nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n kun red oxide sí i nínú àti níta. Fílà wà fún ojú tó kọ́mú díẹ̀, kò wà fún ihò, kò sì lè gbé ẹrù. Bébà tí wọ́n kì sínú ihò kí wọ́n tó fi fílà bò ó, ẹ̀tàn gbáà ni.

Kí wẹ́dà tó tan iná, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ orí bátìrì. Bí iṣẹ́ bá wà nítòsí táńkì, kí wọ́n tú táńkì kúrò pátápátá, kí wọ́n gbé e jìnnà. Táńkì tó ṣófo ò bọ́ lọ́wọ́ ewu o! Èéfín epo tó kù nínú rẹ̀ ló ń bú gbàmù. Táńkì tó lu, ká pààrọ̀ rẹ̀ ló dára jù. Kí iyanrìn àti ohun tí wọ́n fi ń paná wà nítòsí, kí àwọn ọmọdé má sì dúró wo iná wẹ́dà.

Páìpù bíréèkì tó jẹrà ò ní àtúnṣe, pípààrọ̀ ni. Kí ẹnikẹ́ni má fi rọ́bà wé e, kó má sì jó o. Ní ọjà sípíà páàtì Àràrọ̀mí ní Agodi Gate, ẹ lè rí páìpù tuntun rà. Èyí tí wọ́n ń tú lára ọkọ̀ àlòkù ti jìyà tirẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

ÌGBÀ TÓ YẸ KÁ SỌ PÉ Ó TÓ

Ibí yìí ló le jù, torí kì í ṣe gbogbo ilé ló lówó ọkọ̀ míì. Ẹ jẹ́ ká ro ó báyìí. Bí ìpáàrà bá wà lójú kan tàbí méjì, tí irin tó le yí i ká, ẹ tún un ṣe. Bó bá jẹ́ bíréèkì, táńkì tàbí sàlẹ́ńsà ló bàjẹ́, kí ọkọ̀ dúró nílé títí wọ́n á fi pààrọ̀ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọjọ́ ọjà. Ṣùgbọ́n bí wẹ́dà bá ń wá irin tó le tí yóò jó irin tuntun mọ́ tí kò rí, bí ilẹ̀kùn ò bá tì dáadáa mọ́ nítorí pé ara ọkọ̀ ti tẹ̀, egungun rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Owó tí a bá ná sí i, omi la ń bù sínú apẹ̀rẹ̀. Ẹ tú ẹ́ńjìnnì, gíà àti táyà tó ṣì dára tà, kí ẹ ta èyí tó kù fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Kí ẹ má tà á fún aládùúgbò tó fẹ́ fi gbé èrò. Ikú tí a tì jáde nílé wa, kò yẹ ká tì í wọ ilé ẹlòmíràn.

ÌDÁÀBÒBÒ

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Lẹ́yìn ẹrù pákí, ajílẹ̀ tàbí ìgbẹ́ adìẹ, ẹ fi omi ṣan ẹ̀yìn ọkọ̀ àti abẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ tẹ́ tapólì sílẹ̀ kí ẹ tó kó ẹrù. Lóṣooṣù, ẹ fi wáyà tín-ín-rín la ihò ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè kí ilẹ̀ ọkọ̀ gbẹ. Ìgbà ọyẹ́ tí ohun gbogbo gbẹ ló dára jù láti ha ìpáàrà àti láti kun ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò fọ́n abẹ́ ọkọ̀. Lóòótọ́ ó ń lé omi, ṣùgbọ́n ó ń ba rọ́bà jẹ́, bó bá sì kan bíréèkì, bíréèkì ò ní mú mọ́. Ó tún ń ṣàn lọ sínú kànga wa. Ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀ sàn jù ú lọ.

BÍ A ṢE LÈ SỌ Ọ́ NÍLÉ

Ọmọ kì í sọ fún bàbá rẹ̀ pé ọkọ̀ rẹ ti jẹrà. Ẹ lè sọ pé: "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n kọ́ wa nípa ìpáàrà níléèwé. Ṣé ẹ lè jẹ́ kí n bá yín fọ abẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ká jọ yẹ páìpù bíréèkì wò?" Ẹni tó bá fọ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á wọlé ju tẹni tó kàn ń ṣàríwísí lọ. Bí ẹ bá sì rí ihò, ẹ pè wọ́n kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i.

ÌBÉÈRÈ ÌDÁNRAWÒ

1. Kí ló dé tí ìṣó inú omi sísè tí òróró bò kò fi dógùn-ún?
2. Sọ ìyàtọ̀ kan láàárín oxide irin àti oxide àlùmíníọ̀mù.
3. Páìpù bíréèkì jíjẹrà lè ṣiṣẹ́ fún oṣù púpọ̀, kó bẹ́ lọ́jọ́ ewu gan-an. Ṣàlàyé.
4. Kí ló dé tí òòfà fi já bọ́ lára ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan tí ọ̀dà rẹ̀ ń dán?
5. Iṣẹ́ ilé: pẹ̀lú àṣẹ òbí, ya àwòrán abẹ́ ọkọ̀ kan ní àdúgbò yín, kí o sì fi àmì sí ibi tó bọ́ sínú 30 sẹ̀ǹtímítà. Mú un wá fún ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn. A óò lẹ èyí tó bá dára jù mọ́ pátákó yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.